Ta Ló Ni Gẹ̀ẹ́sì? Àkọsílẹ̀ láti Uiseong

Orílẹ̀-èdè méje ni ìjọba Kòríà Gúúsù kọ sílẹ̀ pé ọmọ wọn lè gba físà E-2 láti wá kọ́ àwọn ọmọ ilẹ̀ náà ní Gẹ̀ẹ́sì: Amẹ́ríkà, Kánádà, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Áyálándì, Ọsirélíà, New Zealand àti Gúúsù Áfíríkà. Ẹ ka orúkọ wọn títí, ẹ ò ní bá Nàìjíríà níbẹ̀. Ìbàdàn ni wọ́n ti bí mi. Ibẹ̀ ni mo ti ka ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kí àwọn òbí mi tó kó wa lọ sí Peckham ní London, ìwé ìrìnnà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo sì fi wọ Kòríà. Jógíráfì ni mo kà ní yunifásítì. N kò kọ́ ẹnikẹ́ni rí.

Àǹtí mi, àbúrò ìyá mi, ti ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní ilé ẹ̀kọ́ girama n'Ìbàdàn kí wọ́n tó bí mi. Àwọn ni wọ́n kọ́ mi bí a ṣe ń lo kọ́mà. Wọ́n mọ ìdí tí gbólóhùn kan fi dúró tí òmíràn fi wó. Bí àwa méjèèjì bá jọ kọ̀wé wá iṣẹ́ yìí, ìwé tèmi nìkan ni wọn óò ṣí wò. Mo pè wọ́n nígbà tí lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ dé.

"O kú oríire o, Àbẹ̀kẹ́ mi. Tí o bá dé ọ̀hún, kọ́kọ́ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ná, kí o tó ní o fẹ́ tún un ṣe."

"Mo gbọ́, Mà. Ẹ ṣeun."

Òfin físà yẹn dùn mí, ó ṣì ń dùn mí. Èdè tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ Nàìjíríà ní ìṣirò, tí wọ́n fi ń dájọ́ ní kóòtù wa, tí JAMB sọ di dandan fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wọ yunifásítì, òun náà ni wọ́n ní a kò mọ̀ tó láti fi kọ́ ọmọ ẹlòmíràn.

*

Fún físà náà, ìwé ẹ̀rí yunifásítì àti ìwé ọlọ́pàá, méjèèjì ló gbọ́dọ̀ gba òǹtẹ̀ tí wọ́n ń pè ní apostille. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Milton Keynes ni ọ́fíìsì ìjọba tó ń lu òǹtẹ̀ náà wà. Ìwé ọlọ́pàá tó bá ti pẹ́ jù, wọn kì í gbà á, nítorí náà òun ni kí ẹ fi ṣe ìkẹyìn.

Wọ́n tún máa ń béèrè fọ́tò. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan wà tó jẹ́ pé fọ́tò yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò. Ọ̀rẹ́ mi kan tí wọ́n bí sí Houston, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú, bá ọ̀kan nínú wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Wọ́n yin ohùn rẹ̀, wọ́n ní kó fi àwọn ìwé rẹ̀ ránṣẹ́. Ọjọ́ kejì tí fọ́tò dé ọwọ́ wọn, àyè ti kún. Níkẹyìn, ilé ìwé ìjọba ló gbà á, lábẹ́ ètò EPIK tí ìjọba Kòríà dá sílẹ̀ ní 1995. Ètò yẹn náà ló mú èmi wá.

*

Títí di ọdún 2017, wọ́n ń fi ipá yẹ ẹ̀jẹ̀ olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó wá láti òkèèrè wò fún kòkòrò HIV. Wọn kì í yẹ ti olùkọ́ tó jẹ́ ọmọ Kòríà wò. Obìnrin olùkọ́ kan láti New Zealand kọ̀ jálẹ̀, iṣẹ́ sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé ẹjọ́ náà dé iwájú ìgbìmọ̀ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń gbógun ti ẹlẹ́yàmẹ̀yà, wọ́n sì dá a láre ní 2015. Nígbà tí mo dé, kò sẹ́ni tó yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò fún HIV nítorí pé mo jẹ́ àjèjì. Ìjàkadì obìnrin yẹn ni mo ń jẹ èrè rẹ̀.

*

Uiseong wà ní ẹkùn Gyeongsang Àríwá. Aáyù ló fi lókìkí. Ní oṣù kẹfà tí wọ́n bá ń wú u, òórùn rẹ̀ a wọ inú kíláàsì, a wọ inú irun, a wọ inú aṣọ tí ẹ sá síta. Láti ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́bìnrin tó gba fàdákà nínú eré curling ní Òlíḿpíìkì PyeongChang ní 2018 ti wá. Àwọn àgbàlagbà ló kún ìlú. Ní ibùdó bọ́ọ̀sì, èmi nìkan ni irun orí mi dúdú.

Ní 2023, ìṣirò ìjọba fi hàn pé iye ọmọ tí obìnrin kan ń bí ní Kòríà jẹ́ 0.72. Mo ti ka nǹkan bẹ́ẹ̀ nínú ìwé jógíráfì, ṣùgbọ́n ìgbà tí mo wọ kíláàsì karùn-ún tí mo bá ọmọ mẹ́rin níbẹ̀ ni ó tó yé mi. Yàrá náà tóbi, ó mọ́, ó ní pátákó tuntun àti tẹlifísọ̀n gbàràmù-gbaramu, àga mẹ́rin sì wà láàárín rẹ̀. Kíláàsì tí mo ti kúrò n'Ìbàdàn, àwa mẹ́ta-mẹ́ta la ń há ara wa sórí bẹ́ǹṣì kan. Ilé ìwé mẹ́ta ni mo ń yí ká láàárín ọ̀sẹ̀ nítorí pé kò sí èyí tí ọmọ rẹ̀ tó láti gba olùkọ́ kan sílé.

Níbi tí ọmọ mẹ́rin wà, kò síbi tí ọmọ lè sá pamọ́ sí. Ọmọkùnrin kan wà nínú wọn tó máa ń mi ètè láìjẹ́ kí ohùn jáde. Mo jókòó tì í lórí àga kékeré, mo ní ká jọ ka ìlà kan ní ohùn jẹ́jẹ́ tí àwọn yòókù kò ní gbọ́. A ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ohùn rẹ̀ nípọn ju bí mo ṣe rò lọ.

*

Olùkọ́ tí a jọ ń kọ́ni, ọmọ Kòríà, mọ gírámà Gẹ̀ẹ́sì jù mí lọ fíìfíì. Ìdánwò ìjọba tí wọ́n ń ṣe kí wọ́n tó di olùkọ́ le débi pé àwọn kan ń tún un ṣe lọ́dọọdún. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá bi wá ní ìdí tí ọ̀rọ̀ kan fi yí padà nínú gbólóhùn, òun ló ń dáhùn. Tèmi ni kí n pè é kí àwọn ọmọ gbọ́. Síbẹ̀ bí àlejò bá dé láti ọ́fíìsì ẹ̀kọ́, èmi ni wọ́n ń tì síwájú. Bí ọmọ kankan ní ilé ìwé yẹn bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì lọ́la, obìnrin yìí ló kọ́ ọ, mo sì ti sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀gá ilé ìwé ní ojú rẹ̀.

*

Ọmọ Kòríà kì í fi ọwọ́ kan ṣoṣo gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà. Ọwọ́ méjèèjì ni, tàbí kó fi òsì gbé igunpá ọ̀tún ró. Nígbà tí mo kọ́kọ́ pín ìwé ní kíláàsì, tí kálukú ń tẹríba gbà á, ara mi balẹ̀. Àwọn tí a jọ dé láti London ní láti kọ́ pé wọn kì í nawọ́ òsì sí àgbàlagbà, wọn kì í pe ẹni tó jù wọ́n lọ ní orúkọ lásán, wọn kì í jókòó kí àgbà tó jókòó. Kò sí èyí tí ìyá mi kò tíì fi ìfọ́tí kọ́ mi. Àní ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́wàá ń pe ti ọlọ́dún mọ́kànlá ní ẹ̀gbọ́n.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo tẹ eékún kí ìyá àgbàlagbà tó ń se oúnjẹ ilé ìwé. Ó ti mọ́ mi lára ni, n kò tilẹ̀ rò ó. Ìyá náà gbé ṣíbí tí wọ́n fi ń bu ọbẹ̀ sílẹ̀, wọ́n yọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà wọn, wọ́n wá sí ẹ̀gbẹ́ mi, wọ́n sì fi bí tiwọn ṣe rí hàn mí: ẹ̀yìn títọ́, ọwọ́ níwájú, ojú nílẹ̀, kí o dúró díẹ̀ kí o tó gbé orí. Èmi náà ṣe é. Wọ́n ní kí n tún un ṣe, kí n má kánjú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí n ṣe tèmi lẹ́ẹ̀kan sí i, kí àwọn lè rí i dáadáa.

*

Oúnjẹ ọ̀sán: àwo irin onísọ̀rí-sọ̀rí, ìrẹsì lápá òsì, ọbẹ̀ olómi lápá ọ̀tún, kimchi àti ẹ̀fọ́ lókè. Olùkọ́ àti ọmọ jọ ń jẹ ohun kan náà nínú gbọ̀ngàn kan náà. Bí wọ́n bá jẹun tán, kálukú á da àjẹkù rẹ̀ nù, á to àwo rẹ̀. Lẹ́yìn ẹ̀kọ́, àwọn ọmọ fúnra wọn ló ń gbálẹ̀ kíláàsì.

*

Mo ní kí àwọn ọmọ kíláàsì kẹfà ya bí ọjọ́ wọn ṣe ń lọ. Àwọn ọmọ Kòríà kì í ya èyí ní ìlà-ìlà. Wọ́n a fa òbìrí kan, wọ́n a kọ nọ́ńbà wákàtí mẹ́rìnlélógún yí i ká bí aago, wọ́n a sì pín inú rẹ̀: oorun, ilé ìwé, oúnjẹ, eré. Ọmọbìnrin kan fi rúlà fa tirẹ̀, ó kùn ún ní àwọ̀ mèremère. Gẹ̀ẹ́sì hagwon, ìṣirò hagwon, dùùrù, iṣẹ́ àṣetiléwá. Apá tó kọ oorun sí tẹ́ẹ́rẹ́ débi pé ọ̀rọ̀ náà kò gbà, ó ní láti fà á síta òbìrí pẹ̀lú ọfà.

Hagwon ni ilé ẹ̀kọ́ aládàáni tí ọmọ ń lọ lẹ́yìn ilé ìwé. Àwọn náà ló gba púpọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ tó ń ti òkèèrè wá kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Kó tó di pé ọmọ jáde ní ilé ìwé, bọ́ọ̀sì aláwọ̀ yẹ́lò hagwon ti ń dúró dè é ní ẹnu géètì. Ní Seoul, àṣẹ wà pé kí wọ́n ti ilẹ̀kùn ní agogo mẹ́wàá alẹ́. Pé wọ́n ní láti fi àṣẹ dá a dúró sọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí fún yín. Ní July 30, 1980, ìjọba ológun Chun Doo-hwan fòfin de ẹ̀kọ́ aládàáni pátápátá. Àwọn olówó ń ṣe é ní kọ̀rọ̀. Ní April 2000, ilé ẹjọ́ tó ń rí sí òfin ilẹ̀ náà dájọ́ pé òfin yẹn tẹ ẹ̀tọ́ òbí àti ọmọ lójú. Èmi náà kò fẹ́ kí ìjọba máa sọ fún òbí pé kó má kọ́ ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti rí òbìrí yẹn.

Mo ń rò ó nígbà tí mo bá ń múra ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Ogójì ìṣẹ́jú tí wọ́n fún mi kò gbọ́dọ̀ dà bí ìyókù ọjọ́ ọmọ náà. A ń kọrin. A ń dìde. Ìwé àdéhùn mi ní n kò ní kọ́ ju wákàtí méjìlélógún lọ lọ́sẹ̀, mo sì ń lo gbogbo agbára mi lórí wọn.

*

Ní oṣù kọkànlá, ọjọ́ ìdánwò àṣewọ yunifásítì, suneung, ọ́fíìsì a ṣí pẹ́ kí ọ̀nà lè dá fún àwọn ọmọ. Ọlọ́pàá a fi alùpùpù gbé ẹni tó bá fẹ́ pẹ́. Tó bá kan ìgbà tí wọ́n ń fetí sí Gẹ̀ẹ́sì, ọkọ̀ òfurufú kankan kì í gbéra, kì í sì balẹ̀ ní gbogbo ilẹ̀ Kòríà fún ìṣẹ́jú 35. Bí ìdajì mílíọ̀nù ọmọ ń fetí sí ohùn kan. Ọ̀sán yẹn, mo jáde síta mo wo òfurufú.

*

Ní 1938, ìjọba Jàpáànù tó ń ṣàkóso Kòríà sọ pé kò pọn dandan kí ilé ìwé máa kọ́ èdè Kòríà mọ́. Láàárín ọdún díẹ̀, wọ́n lé e jáde ní kíláàsì. Ní 1942, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ọ̀mọ̀wé tó ń ṣe ìwé atúmọ̀ èdè ńlá fún èdè náà. Méjì nínú wọn kú sẹ́wọ̀n. Àwọn ọlọ́pàá kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ojú ewé tí wọ́n ti fọwọ́ kọ lọ, gbogbo ènìyàn sì gbà pé ó ti sọnù. Ní oṣù kẹsàn-án 1945, lẹ́yìn tí Jàpáànù kógbá wọlé, wọ́n rí i nínú ilé ìkẹ́rù ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin Seoul.

Ọmọ-ọmọ àwọn tí ìkà yẹn ṣẹlẹ̀ sí ni mò ń kọ́. Èdè Kòríà ni wọ́n fi ń ka ìṣirò, òun ni wọ́n fi ń ka sáyẹ́ǹsì, òun ni wọ́n fi ń jà lórí pápá. Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàárín iṣẹ́, láti 1997 ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní kíláàsì kẹta. Ọmọ tó gba òdo lọ́dọ̀ mi lè gba ọgọ́rùn-ún nínú sáyẹ́ǹsì ní ọjọ́ kan náà, nítorí pé ohun tí kò mọ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì, kì í ṣe bí ewé ṣe ń ṣe oúnjẹ.

Ní ilé ìwé tí mo ti kúrò n'Ìbàdàn, mọ́nítọ̀ ń kọ orúkọ ẹni tó bá sọ Yorùbá ní kíláàsì. A ń san owó ìtanràn. Ọmọkùnrin kan tí ó lè tún rédíò ṣe wà lẹ́yìn mi, kò dáhùn ìbéèrè kan rí lójú olùkọ́. Ọ̀lẹ ni wọ́n ń pè é.

Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí kan. Ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ náà ní gbogbo ẹ̀kọ́, wọ́n sì wá olùkọ́ tó mọ Gẹ̀ẹ́sì dunjú láti kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ yẹn kò rẹ̀yìn. Wọ́n ṣe dáadáa ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ, títí kan Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Fafunwa di mínísítà ètò ẹ̀kọ́ lẹ́yìn náà, síbẹ̀ ohun tó fi hàn wá ní Ifẹ̀ kò tíì di ìṣe wa. Ní Uiseong ni mo ti ń rí i láràárọ̀, lọ́dọ̀ àwọn tí kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Mo máa ń fẹ́ pe ọmọkùnrin onírédíò yẹn kó wá wò ó.

*

Homer Hulbert jẹ́ ọmọ ọdún 23 nígbà tó dé Kòríà ní 1886. Òun àti ọ̀dọ́ Amẹ́ríkà méjì mìíràn ni ọba gbà láti kọ́ ọmọ àwọn ìjòyè ní Gẹ̀ẹ́sì ní ilé ẹ̀kọ́ Yugyeong Gongwon. Kò pẹ́ tó fi mọ lẹ́tà Hangul, èyí tí Ọba Sejong gbé jáde ní 1446, tí àwọn ọ̀mọ̀wé ààfin ṣì ń fojú tín-ín-rín nítorí lẹ́tà Ṣáínà. Hulbert fi Hangul kọ ìwé jógíráfì fún àwọn ọmọ ilẹ̀ náà. Ẹni tí wọ́n pè wá kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì ló bá wọn gbé èdè tiwọn ga. Ní 1907, ó tẹ̀lé ẹjọ́ Kòríà dé The Hague láti bẹ àwọn orílẹ̀-èdè ayé pé kí wọ́n gba ilẹ̀ náà lọ́wọ́ Jàpáànù. Wọn kò dá a lóhùn. Ó padà wá ní 1949, ẹni ọdún 86, kò sì ju ọ̀sẹ̀ kan lọ tó fi kú. Mo ti dé ibojì rẹ̀ ní Yanghwajin, lẹ́bàá odò Han ní Seoul. Wọ́n kọ ọ́ sára òkúta pé ó wù ú kí wọ́n sin òun sí Kòríà ju Westminster Abbey lọ.

*

Láàárín 1966 sí 1981, Peace Corps ti Amẹ́ríkà ń rán àwọn ọ̀dọ́ wá kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní Kòríà. Kathleen Stephens jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ilé ìwé kan ní Yesan ló ti kọ́ni. Ní 2008, òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ́ aṣojú Amẹ́ríkà ní Kòríà, ó sì ń bá ará ìlú sọ èdè wọn.

Peace Corps kan náà dé ọ̀dọ̀ wa ní 1961. Yunifásítì Ìbàdàn ni wọ́n kọ́kọ́ kó wọn sí. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà kọ káàdì sí ilé, ó ṣàpèjúwe ìdọ̀tí àti ìṣẹ́ tó rí nígboro. Káàdì bọ́ sílẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìbàdàn rí i, ìwọ́de bẹ́ sílẹ̀. Nígbà tí mo bá fẹ́ kọ ohun kan ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀rẹ́ mi ní London nípa Uiseong, mo máa ń rò ó bóyá mo lè kà á sókè ní iwájú ìyá tó ń se oúnjẹ wa. Èyí tí n kò bá lè kà, mo ń pa á rẹ́.

*

Ìlú ńlá tó sún mọ́ wa jù ni Daegu. Ooru rẹ̀ mú débi pé wọ́n so orúkọ Áfíríkà mọ́ ọn, Daefrica ni wọ́n ń pè é. Ní oṣù kẹjọ, tí Daegu ń hó ní ìwọ̀n 35, òjò ti mú Ìbàdàn tutù, ènìyàn ń wọ súwẹ́tà lọ sọ́jà. Mo fi ojú ọjọ́ ìlú méjèèjì han àwọn ọmọ lórí fóònù. Wọ́n ní kí n ṣí i lẹ́ẹ̀kan sí i.

*

Èlùbọ́, gààrí àti ẹ̀gúsí: Itaewon, ní Seoul. Àwọn ọmọ Nàìjíríà pọ̀ níbẹ̀, Ìgbò ló pọ̀ jù nínú wọn, òwò ni wọ́n ń ṣe. Lórí òkè ibẹ̀ ni mọ́sálásí ńlá Seoul wà, èyí tí wọ́n ṣí ní 1976. Bọ̀dá kan tó ń ta fóònù bi mí ní iṣẹ́ tí mò ń ṣe, mo sọ fún wọn.

"Àǹtí tíṣà," ni wọ́n wí, wọ́n ń fi nǹkan nu gíláàsì fóònù kan. "Gẹ̀ẹ́sì ni èmi náà kà ní Nsukka. Mo fi kọ́ni ní Enugu fún ọdún mẹ́rin. Ibí yìí, wọn ò tiẹ̀ jẹ́ kí n béèrè."

N kò rí nǹkan kan sọ ju "Ẹ pẹ̀lẹ́" lọ. Wọ́n bu gààrí lé mi lọ́wọ́.

*

Ẹ̀yin tó ń gbáradì àtilọ, ẹ ka ìwé àdéhùn yín láti ìlà dé ìlà. Ọdún kan ni, agbanisíṣẹ́ ni wọ́n sì so físà yín mọ́. Ẹ kò lè fi ilé ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ lọ sí òmíràn láìgba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ má gba iṣẹ́ lẹ́sìnnì inú ilé, físà E-2 kò fàyè gbà á. Ẹni tó bá pé ọdún kan lẹ́nu iṣẹ́, òfin ní kí wọ́n san owó oṣù kan fún un nígbà tó bá ń lọ. Nítorí owó yìí, àwọn hagwon kan a máa wá ẹ̀sùn sí olùkọ́ lẹ́sẹ̀ ní oṣù kọkànlá àdéhùn rẹ̀, wọn a sì lé e. Ọ̀dọ́ tí kò mọ ẹ̀tọ́ rẹ̀ á di ẹrù rẹ̀, á lọ. Ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ni nọ́ńbà 1350. Ti ọ̀rọ̀ físà ni 1345, onírúurú èdè ni wọ́n fi ń dáhùn níbẹ̀. Ẹ kọ méjèèjì sínú fóònù yín kí ẹ tó wọ ọkọ̀ òfurufú, ìwé ìrìnnà yín kò sì gbọ́dọ̀ sùn lọ́wọ́ ọ̀gá kankan.